Ẹ Jẹ́ Ká Dá Igbó Etí Ọ̀sà Wa Padà

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, ní Èkó àti lókè òkun, mo kí yín, ẹ kú àìgbàgbé ilé.

Ọ̀rọ̀ etí ọ̀sà ni mo bá wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa yìí náà la fi dáwó, tá a ro gbogbo igbó ibẹ̀ kanlẹ̀, ká lè máa rí omi láti gbàgede. Mo wà níbi ìpàdé ọjọ́ náà, mo sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà là ń sanwó ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko lóṣooṣù. Ojú ibẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wálé ọdún Iléyá á ti rí igi fùrúùtù tí àwọn bàbá wa ti ń ta ayò: gbòǹgbò rẹ̀ lápá omi ti yọ síta, ó ń rọ̀ dirodiro. Bèbè abẹ́ rẹ̀ gé sánsán bí ẹni fi ọ̀bẹ gé ẹ̀kọ.

Koríko tá à ń gé mọ́lẹ̀ kò lè di ilẹ̀ mú tí ìgbì bá ń lù ú. Ògùrọ̀ àti eèsún ló lè ṣe é. Ìdí wọn lọmọ ẹja ń sá sí kí ẹja ńlá má baà gbé e mì, orí wọn sì ni lékeléke ń sùn. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja ti ń pariwo pé epìyà etí omi ò tó nǹkan mọ́. A ò tètè gbọ́ tiwọn, ó dùn mí.

Odò Ọ̀ṣun ló ń ṣàn wá sínú ọ̀sà Lẹ́kí tiwa yìí. Lókè odò náà, ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni kéèyàn gé igi nínú igbó Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, igi ṣì ṣú bo etí omi níbẹ̀ dòní.

Owó ẹlẹ́rọ la ó kọ́kọ́ dá dúró. Àwọn adẹ́mu wa á bá wa ṣa èso ògùrọ̀ nínú àbàtà, a ó sì gbìn ín sí etí ọ̀sà. A ó fi ọparun ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, a ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ àti àwọn tó ń pọnmi. Ògùrọ̀ kì í yára dàgbà, nítorí náà ẹ má retí òjìji lọ́dún yìí.

₦5,000 ni ká dá nílé, ₦20,000 lókè òkun. Ọwọ́ akápò ni kó dé. Ẹni tí ò bá rí owó, kó wá gbẹ́lẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, aago méje àárọ̀, lábẹ́ igi fùrúùtù. Ẹ mú ọkọ́ dání.