Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tó ní kí n má ra aago àwọn bàbá àgbà fún òun

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀rín tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń rín kò jẹ́ kí n mọ ohun tí o ń tọrọ nígbà àkọ́kọ́. "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, onínọ́ńbà ni kí ẹ rà fún mi o, ẹ má ra ti àwọn bàbá àgbà." Ó dáa. Aago náà wà nínú àpò tí awakọ̀ máa gbé fún ọ yìí, lábẹ́ gaàrí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀pà. Ti àwọn bàbá àgbà ni, aago ọlọ́wọ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí kiri lójú rẹ̀, kì í ṣe onínọ́ńbà tó máa ń kọ wákàtí sójú.

Má tíì fa ẹnu yọ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí tí o ń lọ kọ́ yìí, láti ọdún 1998 ni mo ti wà nídìí rẹ̀, mo sì ti lo oríṣi aago méjèèjì débi tí àmì okùn wọn kò fi kúrò lọ́wọ́ mi mọ́.

Èmi náà ti ṣe bíi tìrẹ rí. Nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí mo ń kọ́ṣẹ́, owó àkọ́kọ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, aago onínọ́ńbà ni mo fi rà. Dúdú ni, okùn rẹ̀ rọ́bà, o tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná tàn. Tí wákàtí bá ti pé, á ké "pí-pí", gbogbo àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ńṣì á sì yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ké. Inú mi dùn dé ìdí. Màmá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ nígbà náà, aago tirẹ̀ kò sí lọ́rùn ọwọ́. Ó fi pín-ìnnì so ó mọ́ àyà, ó dorí kodò. Lójú tiwa ni ó dorí kodò o. Bí òun bá tẹ orí wò ó, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rí ló rí.

Lọ́jọ́ kan ó bi mi pé, "Kí ni aago rẹ wí?" Mo ní 14 h 55. Ó ní, "Ó ku mélòó kí aago mẹ́ta lù?" Mo dákẹ́ díẹ̀, mo yọ 55 kúrò nínú 60, mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "O ń ṣírò. Èmi ń wò ó ni."

Ó pẹ́ kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jìn tó. Fi èdè ìyá rẹ ka 55 kí n gbọ́. Márùndínlọ́gọ́ta. Márùn-ún ló dín kí ó tó pé ọgọ́ta, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló sì wà nínú wákàtí kan. Tẹ̀ síwájú: mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, méjìdínlọ́gọ́ta, mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ṣé o rí i? Iye tó kù ni ẹnu wa ń pè. Àádọ́ta pàápàá, tí o bá tú u palẹ̀, ẹ̀wá tó dín kúrò nínú ọgọ́ta ni. Àwọn tó ṣe ètò òǹkà wa kò rí aago rí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ gígùn aago ṣe ń gun òkè lọ sí 12 ni àwọn náà ṣe ń kà á, ojú wọn wà níbi tí nǹkan ti máa pé. Àwa kì í sọ pé aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́ta lù, ó parí. Àwọn Faransé náà ní "moins cinq" (ó dín márùn-ún) tiwọn, n kò purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n nínú ìwé ilé ìwòsàn, 14 h 55 ni a máa ń kọ, nǹkan tí aago onínọ́ńbà sì máa gbé fún ọ nìyẹn. Ó máa sọ ibi tí o dé. Ibi tí ò ń lọ kò kàn án.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí èdè ni mo ṣe ra èyí. Tìtorí èémí ni.

Wọ́n máa kọ́ ọ níwèé pé bí ọmọ bá ń wúkọ́, kí o ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bí ó bá tó 60, ó ti yára jù. Láti oṣù méjì títí di oṣù mọ́kànlá, 50. Láti ọdún kan títí kó tó pé márùn-ún, 40. O máa há a sórí, o máa gbà á nínú ìdánwò. Bí ó ṣe máa ń rí lójú gan-an ni ìwé kì í sọ. Ìyá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, o ní kó ká aṣọ ọmọ sókè díẹ̀ kí o lè rí ikùn. Má jẹ́ kí ọmọ sunkún, bó bá ti sunkún, iye ti bàjẹ́, àfi kí ẹ dúró kó tún fara balẹ̀. O gbé ọrùn ọwọ́ rẹ sún mọ́ ikùn yẹn, kí ojú rẹ lè rí méjèèjì pọ̀. Ikùn gòkè, ó sọ̀: ení. Ó gòkè, ó sọ̀: èjì. Ẹ̀ta. Bí àìsàn bá wà níbẹ̀, kì í rọrùn láti bá a sáré. Fìtílà ń mì, ìyá ń bi ọ́ pé ṣé kò sí nǹkan, ẹlòmíràn ń kan ilẹ̀kùn.

Wàyí o, fi aago onínọ́ńbà ṣe é. O ti ka èémí dé 23 nínú ọkàn rẹ, o yíjú wo aago, aago ní 41. Èwo ni tìrẹ? Nọ́ńbà bá nọ́ńbà jà lórí rẹ, àgbà nínú wọn lé èkejì jáde. Bó bá sì jẹ́ pé 17 ni aago wà nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, o gbọ́dọ̀ há 17 yẹn náà sórí títí yóò fi tún yí padà dé ibẹ̀. Aago ọlọ́wọ́ kì í bá ọ ka nǹkan kan. Ọwọ́ pupa wà lórí 4 nígbà tí o bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ. Ó tún padà dé orí 4. Dúró. Ojú lásán lo fi mọ̀ ọ́n, bí ẹni tó mọ ìgbà tí ìkòkò kún láì wọn omi inú rẹ̀.

Ọmọ ọdún kan ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Mo fi aago pí-pí mi ka èémí rẹ̀, mo rí 38. Ọkàn mi kò balẹ̀, ihò imú ọmọ náà ń fẹ̀. Mo tún un kà, mo rí 47. Ìwọ náà rò ó wò: 38, á máa lọ sílé, 47, àfi oògùn. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Màmá tú aago àyà rẹ̀, kò bú mi, ó kàn fi lé mi lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, 46. Òun náà kà á, 46. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti fi onínọ́ńbà ka èémí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹyọ kan sí i, kí n tó gbàgbé. Wọ́n máa kọ́ ọ pé kí o wo ọmọ tuntun ní ìṣẹ́jú kìíní, kí o tún wò ó ní ìṣẹ́jú karùn-ún, kí o fún un ní máàkì Apgar, tó ń sọ bí ara ọmọ tuntun ṣe le tó. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì lójú aago ọlọ́wọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ gígùn wà lórí 7, ìgbà tó bá dé orí 8, padà lọ wò ó. Ọwọ́ rẹ lè kún fún iṣẹ́ ibi ọmọ tí kò tíì jáde, orí rẹ kò ní láti kún.

O ní onínọ́ńbà ló péye jù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Inú méjèèjì, òkúta wínníwínní kan náà tí wọ́n ń pè ní quartz ló wà níbẹ̀. Bátìrì ń mú un gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ á pín iye yẹn sí méjì, á tún pín in sí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí á fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan yẹn ni ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú èyí tí o fẹ́, ó di nọ́ńbà. Nínú èyí tí mo rà, ó ti ọwọ́ pupa síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ojú ni wọ́n fi yàtọ̀. Aago ọwọ́ oní-quartz àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà, Seiko Astron, ní Tokyo, ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1969, ọwọ́ ló ní. Ọdún 1972 ni onínọ́ńbà àkọ́kọ́, Pulsar, tó dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Wúrà ni wọ́n fi ṣe é, dọ́là 2,100 ni wọ́n ń tà á, síbẹ̀ ojú rẹ̀ dúdú ṣúú àfi tí o bá fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ kejì! Agbẹ̀bí wo ló ní ọwọ́ kejì?

N kò ní sọ pé onínọ́ńbà kò wúlò. Kí ló jí mi ní aago mẹ́rin àárọ̀ yìí, bí kì í bá ṣe òun? Bó bá sì di kí a kọ wákàtí ìbí sínú ìwé, 3 h 47, kò sí àríyànjiyàn, kò sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjìdínláàádọ́ta. Nítorí iná rẹ̀ ni mo ṣe fi í sọ́wọ́ òru fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di òru Ọjọ́bọ̀ kan. Obìnrin kan bímọ lẹ́yìn aago méjì, ọmọ ké, a nu ún, mo wo aago, mo kọ wákàtí. Mo wo ọjọ́, ó ní 1. Mo kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni a wọ oṣù kẹta?" Ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024 ni. Aago olówó pọ́ọ́kú bí irú tèmi kò mọ ọdún, ọjọ́ 28 ni oṣù kejì máa ń parí lójú rẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi tí mo lórí lọ́rùn ni kò yẹ kí n gbà á gbọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ máa ń dé, mo tún fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀! Mo fa ìlà sí i, mo tún un kọ, mo buwọ́ lù ú.

Kí o má baà rò pé mo ń ṣe ojúsàájú: aago ọlọ́wọ́ tó ní fèrèsé kékeré fún ọjọ́ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 31 ni gbogbo oṣù lójú tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún ni o máa fọwọ́ tún un ṣe. Ìdí nìyí tí èyí tí mo rà fi wà láìní fèrèsé. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri, wo ibẹ̀.

Nípa èyí tó ń ka ẹsẹ̀ tí ènìyàn gbé lóòjọ́, tí ọ̀rẹ́ rẹ ní: iná ni òun náà ń jẹ bíi fóònù. Yàrá tí ẹ̀yin mẹ́rin ń gbé, ihò iná mélòó ló wà níbẹ̀?

Ọmọkùnrin kan tó máa ń to aago sórí pátákó lọ́jà Kétu ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú èyí tó ń dán wá, òkúta wà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Mo fẹ́ ojú funfun, nọ́ńbà méjìlá tó pé, ìlà ọgọ́ta yí etí rẹ̀ ká, ọwọ́ pupa fún ìṣẹ́jú-àáyá. Mo mú mẹ́ta tó bá a mu, mo dúró níbẹ̀ mo ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan, ọwọ́ pupa rẹ̀ ń sọ̀ sí àárín ìlà méjì. Èkejì tọ́ lápá ọ̀tún, bó bá ti ń gòkè lápá òsì, á máa yẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta ń sọ̀ sórí ìlà ṣánṣán, yíká. Ọmọkùnrin náà ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?" Mo tú gèlè mi, mo bo aago náà, mo sì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn. Ó ń tàn. Fáráǹkì 4,500 ló pè é, a fẹnu kò sí 3,500.

Okùn rẹ̀ gùn fún ọwọ́ rẹ tín-ín-rín yẹn. Mo ti fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò méjì sí i. Bó bá ṣì gbọ̀jẹ̀gẹ̀, pín-ìnnì wà nínú bébà tí mo fi wé e, so ó mọ́ àyà, kí o dorí rẹ̀ kodò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ máa rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Awakọ̀ ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n ń dúró dè òun ní Pobè, pé aago méje ti lù. Irọ́ ni. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Tàǹtí rẹ, ní Kétu.