Lẹ́tà sí Olóòtú: Ìlà kan kò tó fún iṣẹ́ kóòṣì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó bébà àti yíǹkì.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa Park Joo-bong, ọmọ Kòríà tó gbá bádmíńtìn, eré tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá nǹkan oníyẹ̀ẹ́ kọjá lórí àwọ̀n, inú mi sì dùn torí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan la sábà máa ń rí lójú ewé eré ìdárayá. Àmọ́ ẹ ò ṣe dáadáa tó níbì kan. Ẹ ròyìn góòlù ẹlẹ́ni méjì tí òun àti Kim Moon-soo gbà ní Òlímpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, ẹ ròyìn fàdákà tí òun àti Ra Kyung-min gbà ní Atlanta lọ́dún 1996, ẹ wá fi ìlà kan péré kádìí ẹ̀ pé ó di kóòṣì. Ìlà kan! Bí ẹni pé ó fẹ̀yìn tì, ó lọ jókòó sábẹ́ igi.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe l'Àjàṣẹ́ níbí nìyẹn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bádmíńtìn lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí wọn ò bá lọ síléèwé. Ìta gbangba la ti ń gbá a, wọ́n ti fún wa ní gbọ̀ngàn kan rí, kò pẹ́ tí wọ́n gbà á padà kó àga ìnáwó sí i. Ìyẹ́ 16 ló wà lára nǹkan tá à ń gbá yẹn, kò wúwo ju gíráàmù 5 àti díẹ̀ lọ, atẹ́gùn ọ̀sà á gbé e lọ bó ṣe wù ú, tí ọyẹ́ bá sì dé, ìyẹ́ ọ̀hún á gbẹ á máa kán pà-pà, àfi ká fi ooru omi gbígbóná rọ̀ ọ́ kó tó ṣe é gbá.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ó já bọ́ sáàárín àwọn ọmọbìnrin méjì kan, kò sẹ́ni tó mira, ọ̀kan ń wo èkejì, "mo rò pé tìẹ ni." Mo ní ẹni tó wà lápá òsì ni kó gbá a, torí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló wà láàárín. Ẹni tó bá ti gbá ẹlẹ́ni méjì dàgbà mọ àárín yẹn dáadáa, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dí àlàfo ẹnìkejì láì wẹ̀yìn.

Ohun tí Park gbé lọ sí Jàpáànù lọ́dún 2004 nìyẹn, lẹ́yìn tó ti kọ́ wọn n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Màléṣíà. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni kálukú àwọn tó ń gbá a ní Jàpáànù ti máa ń gbára dì nígbà yẹn, òun ló ní kí wọ́n máa kó wọn jọ sójú kan. Jàpáànù ò tíì gba àmì-ẹ̀yẹ bádmíńtìn kankan rí ní Òlímpíìkì. Ní London 2012, Fujii àti Kakiiwa gba fàdákà nínú ẹlẹ́ni méjì àwọn obìnrin, ní 2014 àwọn ọkùnrin wọn gba Thomas Cup, ife àgbáyé àwọn ikọ̀ ọkùnrin, fúngbà àkọ́kọ́, ó wá kan Rio 2016, nínú àṣekágbá ẹlẹ́ni méjì àwọn obìnrin, Takahashi àti Matsutomo wà ní 16, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ti wà ní 19 nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta, ó ku póìntì méjì péré kí góòlù lọ, ni wọ́n bá gba márùn-ún léra wọn, 21-19. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn nínú fídíò ẹ̀, bí ọ̀kan bá ti sún síwájú, èkejì ti bọ́ sẹ́yìn. Èmi ti fi han àwọn ọmọ mi títí dátà fi tán. Ọdún 2025 ni Park tó padà sílé lọ di kóòṣì Kòríà, iṣẹ́ ogún ọdún ó lé lẹ fi ìlà kan gbé kalẹ̀ yẹn o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ. Kẹ́ ẹ sì wá àwọn tó ti gbá eré kan tàbí òmíràn rí lọ l'Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láì gba sefà kan, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní nǹkan tí wọ́n ń kọ́ wọn gan-an, kẹ́ ẹ má bi wọ́n ní ife tí wọ́n gbà nìkan. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú la máa ń so àwọ̀n.

Èmi ni olùkàwé yín, Àjàṣẹ́.