Ẹ Má Fi Chelsea Nìkan Wọn Shevchenko

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí Chelsea fi owó gọbọi rà tí kò sì rí èrè jẹ lórí wọn. Andriy Shevchenko, atamátàsé ọmọ Ukraine, ni òǹkọ̀wé yín fi ṣe olórí gbogbo wọn. Ìlà mẹ́ta péré ló kọ nípa rẹ̀: ó dé, ó gbowó, ó lọ. N kò ní bá a jiyàn lórí iye góòlù. Góòlù 22 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 77 kò tó nǹkan fún ẹni tí wọ́n rà ní nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ti líìgì tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, 9 péré nínú 48. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tí kò bá mọ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ yóò ka àròkọ yẹn tán, yóò gbà pé ọ̀lẹ kan ló wá jẹ owó Abramovich, ẹni tó ni Chelsea nígbà náà, gbé.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ìgbà tí Didier Drogba wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé Chelsea, ọdún 2006 tí Shevchenko dé síbẹ̀ náà sì ni John Obi Mikel tiwa dé. Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi hàn ní gbogbo ibi tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù. Ta ló ráyè ti Ítálì, ká má tíì sọ ti Ukraine? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún Chelsea nìkan ṣèdájọ́ Shevchenko dà bí ẹni tó ha ìdí ìkòkò tó jóná tọ́ wò, tó ní ìyá tó sè é kò mọ ọbẹ̀ sè.

Abúlé Dvirkivshchyna ni wọ́n bí i sí ní 1976, Kyiv ló dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Chernobyl bú gbàmù ní oṣù kẹrin ọdún 1986, òun náà sì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ sí etí òkun, kí afẹ́fẹ́ olóró má baà ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dynamo Kyiv ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 1990, wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké Dynamo lọ sí Wales fún ìdíje tí wọ́n fi orúkọ Ian Rush, atamátàsé ọmọ Wales, pè. Sheva, bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ Shevchenko kúrú, ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù níbẹ̀, Rush fúnra rẹ̀ sì fi bàtà bọ́ọ̀lù ta á lọ́rẹ.

Ẹni tó sọ ọ́ di ohun tó dà ni Valeriy Lobanovskyi, tó padà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Dynamo ní 1997. Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín dúró díẹ̀. Lobanovskyi kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí ìṣirò ló sì ṣe máa ń wo bọ́ọ̀lù. Òun àti àwọn onímọ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn eré sísá àti agbára ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ṣì ń fi ojú lásán wò ó. Òkè tí ó máa ń mú wọn sáré gùn níbi ìgbaradì ti di ìtàn ní Kyiv. Lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí agbábọ́ọ̀lù tó ń dúró sójú kan. Atamátàsé gan-an ni adẹ́yìnmú àkọ́kọ́. Sheva kì í ṣe ẹni tó ń dúró sínú àpótí pẹnárítì kí wọ́n wá gbé bọ́ọ̀lù bá a. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì, yóò ti máa sáré kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbé e fún un, ìgbà tí adẹ́yìnmú bá fi máa wẹ̀yìn, ó ti kọjá. Pápá gbalasa níwájú ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ Barcelona. Ní November 5, 1997, Dynamo lọ bá wọn nílé ní Camp Nou. Kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún yìí ti gbá mẹ́ta wọlé. 4-0 ló parí sí. Ẹ má ṣe rò pé Barcelona yẹn jẹ́ aláìsàn o. Àwọn ló gba líìgì Sípéènì lọ́dún náà. Ní 1999, Dynamo lé Real Madrid, tó gba ife Champions League lọ́dún tó ṣáájú, jáde nínú ìdíje. Góòlù mẹ́ta ni Dynamo gbá wọlé Madrid nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì, Sheva ló sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bayern Munich ló dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, lẹ́yìn 3-3 tí wọ́n kọ́kọ́ gbá ní Kyiv.

AC Milan rà á ní 1999. Líìgì Ítálì nígbà yẹn, àwọn adẹ́yìnmú ibẹ̀ kì í fi ẹnikẹ́ni ṣeré. Ọdún àkọ́kọ́ tó débẹ̀, tí kò tíì gbọ́ èdè, góòlù 24 ló gbá, kò sí ẹni tó jù ú lọ nínú líìgì. Ó tún gbá 24 mìíràn ní sáà 2003/2004 tí Milan gba líìgì. Nígbà tí yóò fi kúrò pátápátá, góòlù rẹ̀ fún Milan ti di 175 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 322. Gunnar Nordahl nìkan ló ju èyí lọ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà.

Ní àṣekágbá Champions League ọdún 2003 ní Old Trafford, pẹnárítì ló parí ọ̀rọ̀ láàárín Milan àti Juventus. Ìkẹyìn tó gbé ife fún Milan, Sheva ló gbá a kọjá Buffon, asọ́lé Juventus. Lobanovskyi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Sheva gbé àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ sí Kyiv, síbi ibojì ọ̀gá rẹ̀. Ní 2004 wọ́n fi Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ́dún, dá a lọ́lá, ọmọ Ukraine kẹta tó gbà á lẹ́yìn Oleg Blokhin àti Igor Belanov.

Mi ò ní fi Istanbul pamọ́. Lọ́dún 2005, nínú àṣekágbá Champions League níbẹ̀, Liverpool dá góòlù mẹ́ta tí Milan gbá wọn padà, Dudek, asọ́lé Liverpool, sì gba bọ́ọ̀lù Sheva lẹ́ẹ̀mejì léraléra nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ parí, lẹ́yìn náà ló tún gba pẹnárítì rẹ̀, ó parí. Ẹlòmíràn ì bá máa sá fún ìlú náà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, Milan padà lọ sí Istanbul lọ bá Fenerbahçe. 4-0. Sheva ló gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹni tí Chelsea lọ rà nìyí. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, eré sísá tí a ń sọ yìí sì ti ń dín kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Atamátàsé kan ṣoṣo ni José Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá Chelsea nígbà náà, máa ń fi sáàárín, Drogba ló sì ni ipò yẹn. Drogba gbá 20 wọlé nínú líìgì lọ́dún náà, kò sí ẹni tó gbá tó o. Ta ni yóò yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí ìjókòó? Nígbà tí wọ́n bá kó àwọn méjèèjì síwájú pọ̀, Sheva a máa wá àyè kiri. Àwọn tó ń wá sí Stamford Bridge pẹ̀lú máa ń kó ara wọn jọ sẹ́yìn, kò sí pápá gbalasa kankan. Síbẹ̀, góòlù tó gbá sílé Tottenham nínú FA Cup àti èyí tó fi mú Chelsea dọ́gba ní Valencia nínú Champions League, ní ọdún 2007, kì í ṣe ti ọ̀lẹ.

Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ ẹ̀rí tó le ju ti Chelsea lọ, kí ló dé tí kò sọ pé wọ́n yá a padà fún Milan ní 2008, tí kò sì gbá ẹyọ kan wọlé nínú líìgì? Ìyẹn ló fi hàn mí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ London nìkan. Ara ló ti ń rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Góòlù 48 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 111. Òun ni balógun nígbà tí Ukraine kọ́kọ́ lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2006, tí wọ́n sì rìn dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ní 2012, ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, orúnkún àti ẹ̀yìn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Sweden kọ́kọ́ gbá wọn wọlé ní Kyiv. Ó fi orí kan méjì wọlé, Ukraine borí. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìdíje náà, ó bọ́ sí òṣèlú, ìbò kò gbè é, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó padà wá tọ́jú ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà láti 2016 sí 2021. Òun ló wà nídìí ikọ̀ náà ní 2019 tí Super Eagles lọ bá wọn ní Dnipro, tí Joe Aribo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, gbá góòlù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún wa. A ti wà lókè pẹ̀lú 2-0 kí wọ́n tó dá méjèèjì padà. Láti 2024, òun ni ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Ukraine, nínú ogun tó ń jà níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà tí Sheva padà sí Dynamo ní 2009, Ayila Yussuf ti wà níbẹ̀, Brown Ideye sì dé bá wọn ní 2011. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì bá a wọ aṣọ kan náà. Kí òǹkọ̀wé yín wá wọn lọ, kó bi wọ́n léèrè irú ẹni tí wọ́n bá níbi ìgbaradì, kó tẹ èsì wọn sójú ewé kan náà tó tẹ ìlà mẹ́ta yẹn sí. Èmi yóò ra ẹ̀dà tèmi.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta