Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju ṣíìmù bíréèkì yín nù

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ṣíìmù yìí, irin pẹlẹbẹ tó ń wà lẹ́yìn páàdì bíréèkì, síbi tí àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi á ti rí i kà. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń fi Micra kó èrò ní Abẹ́òkúta, ẹ sì mọ ìlú wa: bí a kò bá gòkè, à ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò bá ṣe é gbára lé níbí, kó lọ jókòó sílé.

Lóṣù tó kọjá, bí mo bá ti fẹsẹ̀ kan bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtọ́kú, táyà iwájú lọ́wọ́ òsì á ké kíìì, bí ẹni ń fi ṣíbí irin ha abọ́ tánganran. Màmá aláàdìrẹ kan tó di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ ní kí n já òun sílẹ̀ kí a tó dé Kútọ̀. Ó san owó mi pé, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí dùn mí dé eegun.

Mẹkáníìkì tó bá mi pààrọ̀ páàdì, ohun tó ń fún dísíìkì mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró, ni mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ padà lọ bá. Ó fi sáńpépà ha ojú páàdì, ó ní igbe náà ti tán. Ọjọ́ kẹta, igbe tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan tó ń ṣe mọ́tò lápá Láfẹ́nwá ló bá mi tú táyà náà. Ó fa páàdì yọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ṣíìmù ẹ̀ dà?" Ibẹ̀ ni mo ti rántí irin pẹlẹbẹ kan tí mo rí nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ páàdì. Wọ́n ní kò wúlò, èmi gan-an ni mo sì fẹsẹ̀ gbá a sápá kan. Èyí tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, rọ́bà ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Ó wúlò o! Tí a bá tẹ bíréèkì, páàdì máa ń gbọ̀n lára dísíìkì, irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà, ó ń yára débi pé ojú kò lè rí i. Gbígbọ̀n yẹn ló ń di igbe. Ṣíìmù tó wà láàárín ẹ̀yìn páàdì àti písítìnì, irin tó ń ti páàdì mọ́ dísíìkì, ló ń gbà á mọ́ra.

Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí páàdì ń jókòó sí, ó fi ṣíìmù tuntun sí ọ̀tún àti òsì, ó sì fi gíríìsì bíréèkì, èyí tí ooru kì í yọ́, pa ẹ̀yìn wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò jẹ́ kó kan ojú páàdì tàbí dísíìkì rárá, torí bó bá kàn án, bíréèkì ò ní mú dáadáa mọ́. Gíríìsì tí a ń fi sí bíárìn kọ́ o. Ìyẹn lè ba rọ́bà kálípà, ilé tí písítìnì wà nínú rẹ̀, jẹ́. Mo fẹ́ ṣíná ni Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú: wọ́n ti ti písítìnì sẹ́yìn, kí n kọ́kọ́ tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn wọlẹ̀ ni nígbà àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá rò ó wò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kì í ṣe gbogbo igbe ni ti ṣíìmù ṣá. Páàdì mìíràn ní ahọ́n irin kékeré tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i kó lè ké nígbà tí ìnípọn páàdì bá ku nǹkan bíi mílímítà 2 sí 3. Páàdì tuntun nìyẹn ń béèrè.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, mo bẹ̀ yín: ohunkóhun tí ẹ bá tú lára bíréèkì wa, ẹ kó o lé wa lọ́wọ́ kí ẹ tó sọ pé kò wúlò.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ Micra kan,
Kútọ̀, Abẹ́òkúta.