Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Lórí Dídán Ojú Ọ̀bẹ

Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti wo àwòrán ọ̀bẹ tí o fi ránṣẹ́, mo sì ti ka àlàyé rẹ pé àwọn ìlà tín-ín-rín kan kọ̀ láti kúrò lójú irin bí o ti ń dán an tó. Sáńpépà 800 tí ó wà lọ́wọ́ rẹ kọ́ ló fa àwọn ìlà wọ̀nyẹn (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe pọ̀ tó ni iyanrìn ojú rẹ̀ ń kúnná tó). Sáńpépà 120 ni ó fà wọ́n, o kò sì pa ipa rẹ̀ rẹ́ tán kí o tó tẹ̀ síwájú. Ìgbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í dán ni wọ́n tó hàn sí ọ. Bí o bá fi 800 ha á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọn kò ní lọ bọ̀rọ̀, nítorí pé kò lágbára láti jẹ irin dé ìsàlẹ̀ wọn. Padà sí 220, tàbí sí 120 fúnra rẹ̀ bí ìlà náà bá jìn.

Láti ìsinsìnyí lọ, máa yí ọ̀nà padà ní gbogbo ìgbà tí o bá pààrọ̀ sáńpépà. Bí o bá fi 120 ha ọ̀bẹ ní ìbú, fi 220 ha á ní òòró, má sì mú 400 níwọ̀n ìgbà tí ìlà ìbú kan ṣoṣo bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni kí o ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Fi sáńpépà wé igi pẹlẹbẹ, nítorí pé ìka lásán a máa sọ ojú irin di gbágungbàgun. Kí o sì fọ ọ̀bẹ, igi àti ọwọ́ rẹ kí o tó pààrọ̀, torí pé iyanrìn 120 kan ṣoṣo tó kù síbẹ̀ yóò ba iṣẹ́ 600 jẹ́.

Àwọn ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja jẹ́ ti fífà síwá-sẹ́yìn. Nígbà tí o bá fẹ́ parí, fà á láti ìdí ọ̀bẹ dé ṣóńṣó rẹ̀, gbé ọwọ́ kúrò, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ọ̀ràn àwọn àmì dúdú tí mo rí nínú àwòrán náà yàtọ̀. Èèpá tí iná mú jáde lára irin sípírìn ni òòlù tẹ̀ wọlé, ó sì di ihò. Máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ́n ọn dànù kí o tó lu irin. Èyí tó bá wà nítòsí ojú tí ó mú, fi í sílẹ̀: ó sàn kí ọ̀bẹ ní àmì ju kí ó fẹ́lẹ́ jù lọ.

Má fi ẹ̀rọ bo ìlà mọ́lẹ̀. Aṣọ tí ń yí lára ẹ̀rọ ìdánrin a máa na irin bo ìlà ni, kì í mú un kúrò, ó sì lè mú ọ̀bẹ gbóná. Bí ó bá ti yọ àwọ̀ búlúù, ooru rẹ̀ ti tó nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (Celsius), ojú rẹ̀ yóò sì ti rọ̀. Ọwọ́ lásán, láìwọ ìbọ̀wọ́, ni kí o fi dì í mú kí o lè tètè mọ̀ bí ó bá ti ń gbóná, kí o sì máa rì í bọ omi. Mo sì bẹ̀ ọ́, má ṣe kọ ojú tó mú sí ibi tí ẹ̀rọ náà ń yí bọ̀ láé, nítorí pé yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, yóò sì sọ ọ́ lù ọ́.

Nu ún gbẹ, kí o fi òróró pa á lójú ẹsẹ̀, torí pé ọ̀rinrin ìhà ibí kì í jẹ́ kí ìpẹtà pẹ́ kó tó dé. Tí o bá ti padà fi 220 ha á tán, ya àwòrán rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó mú 400.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.