Ẹ má fọ́ dúrọ́ọ̀mù wọn mọ́, ẹ fún wọn ní láísẹ́ńsì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà ẹnìkan nínú ìwé ìròyìn yín, tó ní kí ìjọba tún rán ọlọ́pàá lọ máa fọ́ dúrọ́ọ̀mù àwọn tó ń sè ògógóró lápá Okitipupa. Ṣé a ò tíì fọ́ ọ tó ni? Glasgow ni mò ń gbé, ilé tí wọ́n ń kó àgbá wisikí pamọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí, àmọ́ ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, bàbá tó bí ìyá mi sè ògógóró títí ó fi kú, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lábẹ́ òfin, wisikí Scotland gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán nínú àgbá igi, ní Scotland níbí, àwọn mìíràn ń lo ọdún méjìlá. Lọ́dọọdún nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ń bá afẹ́fẹ́ lọ, àwọn ará ibí á ní ìpín àwọn áńgẹ́lì nìyẹn. Ní gbogbo ọdún yẹn ìjọba ò gba kọ́bọ̀ owó orí ọtí lórí ẹ̀. Wọ́n á kọ àgbá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọjọ́ tí ọtí bá jáde ní géètì láti lọ sọ́jà ni owó orí bẹ̀rẹ̀, tó bá sì jẹ́ òkè òkun ló ń lọ, wọn ò gba owó yẹn rárá. Ohun tó jẹ́ kí ẹni tó sè é lè ní sùúrù dè é nìyẹn o, torí tí wọ́n bá ní kó san owó náà lọ́jọ́ tó sè é, ibo ló ti fẹ́ rí i?

Kì í wá ṣe pé owó orí wọn kéré. Ó le gan-an ni. Ní February 2025 wọ́n fi kún un, ó di £32.79 lórí lítà kan ògidì ọtí tí kò lómi, tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ sórí ìgò 70cl tí agbára ẹ̀ jẹ́ 40%, £9.18 nìyẹn. Scotland tún ní òfin tiẹ̀ lórí iye tó kéré jù tí wọ́n lè ta ọtí, 65p lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan (mílílítà mẹ́wàá ògidì ọtí ni yúnìtì kan) láti September 2024, ìyẹn ni pé ìgò kan náà ò gbọ́dọ̀ wọ́n dín sí £18.20. Pẹ̀lú owó orí 2025 yẹn, nínú £18.20 VAT kó £3.03, owó orí ọtí kó £9.18, nǹkan bíi £6 ló kù fún ọkà bálì, àgbá, ọdún mẹ́ta, ìgò, mọ́tò àti èrè ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. VAT ọ̀hún sì gun orí owó orí ọtí, owó orí lórí owó orí. Àwọn oníṣẹ́ wisikí ń pariwo, mi ò dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀ agbára ọtí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nílé wa, láti 2018 sí 2020, bí ọtí inú ìgò ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń wò, ₦1.50 lórí sẹ̀ǹtílítà kan ní 2018, ó di ₦1.75 ní 2019, ó di ₦2 ní 2020, ọtí líle tó le gan-an àti èyí tí wọ́n la omi, bákan náà ni. Ẹni tó ń sè ògógóró létí odò kò wá san nǹkankan, kò sì kọ̀ láti san o, kò sẹ́ni tó pè é wá san ni.

Scotland náà ti wà níbi tá a wà yìí rí. Láti 1644 ni wọ́n ti ń gba owó orí lórí ọtí líle, nígbà tó yá owó náà ga débi pé àwọn àgbẹ̀ sá wọ inú òkè lọ ń sè é ní kọ̀rọ̀, nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1820 ìkòkò ìsetí tí agbófinró ń gbà lọ́wọ́ wọn tó 14,000 lọ́dún, ọtí ò sì tán nílùú. Duke of Gordon tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn aṣòfin ní London pé ẹ jẹ́ kí wọ́n lè jèrè ẹ̀ lábẹ́ òfin, àwa onílẹ̀ á bá yín lé àwọn tó bá kọ̀. Bí òfin 1823 ṣe dé nìyẹn, láísẹ́ńsì £10 lọ́dún, wọ́n sì gé owó orí ju ìdajì lọ. George Smith, àgbẹ̀ kan ní Glenlivet, gba láísẹ́ńsì ní 1824, àwọn aládùúgbò ẹ̀ tó ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ ní àwọn á jó o mọ́lé, ìbọn ìléwọ́ méjì ló ń kó kiri láti fi gbèjà ara ẹ̀. Kò tó ọdún mẹ́ta, àwọn tó ní láísẹ́ńsì ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Nílé wa ńkọ́? Ìjọba òyìnbó ń gba owó ibodè rẹpẹtẹ lórí jíǹ tí wọ́n ń kó wọlé, ni wọ́n bá sọ ògógóró tiwa di ọtí òfin-ò-fàyègbà, àwa náà gba òmìnira, a sì gba orúkọ yẹn mọ́ra. Ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè, èèyàn tó lé ní mẹ́wàá kú, àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú, àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́táńọ́ọ̀lù ni, irú ọtí olóró kan tí kì í ṣe mímu. Nígbà tó di June ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró pátápátá. Ṣé ó tán? Ó tún sá wọgbó ni, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè yẹ̀ ẹ́ wò!

Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni owó orí ọtí, àmọ́ àwọn aṣòfin wa tó wà l'Ábújá lè gbé e dìde. Kí láísẹ́ńsì ẹni tó ní dúrọ́ọ̀mù méjì má wọ́n, kí wọ́n fi agbára ọtí ṣírò owó orí, kí wọ́n gbà á nígbà tí ọjà bá jáde, kí wọ́n sì fi díẹ̀ nínú owó náà gbé ibi àyẹ̀wò kan sí Okitipupa. Bàbá mi àgbà máa ń bo páìpù ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò. Ògùrọ̀ ló ń sè, kò fi nǹkankan lú u rí, kò sì sí ìwé kankan láyé yìí tó lè fi hàn wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìkálẹ̀ kan ní Glasgow