Sí Àkànní, lórí ọ̀rọ̀ Pijó tó o ní mo bà jẹ́

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Kánádà, ṣé òtútù ò tíì gbé yín lọ? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí o. Ooru ló ń bá wa fà á, mángòrò sì ti pọ̀ nílẹ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ gan-an ò kà á sí mọ́.

Mo gbọ́ ohùn tó o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, o bú mi tẹ́rùn. O ní ṣé orí mi pé tí mo fi gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sínú Pijó 504 mi, o ní ṣe ni mo gbé orí ẹlòmíì lé ọrùn ẹlòmíì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ, torí bá a bá ní ká máa sọ ọ́ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́kì á já wa kulẹ̀ ká tó débì kan.

Kò sẹ́ni tó ń bú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn o. Àtìgbà tí wọ́n ti ń to Pijó pọ̀ ní Kàdúná ní 1975 ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó gbọ́ ìtọ́jú ni, ṣebí sílíífù ẹ̀, irin roboto tí písítìnì ń rìn nínú ẹ̀ yẹn, ṣeé yọ, bó bá ti ń jẹ ọ́ìlì wọ́n á fa ti tẹ́lẹ̀ jáde wọ́n á ki tuntun bọ̀ ọ́ lábẹ́ igi níbẹ̀, wọn ò ní gbé búlọ́ọ̀kù lọ síbì kankan. Òótọ́ ni pé sílíífù àti písítìnì gidi ti wọ́n lójú báyìí, àmọ́ ìyẹn gan-an kọ́ ló lé mi sá. Ọwọ́ tó máa tún un ṣe ni ò sí mọ́. Bàbá tó máa ń bá wa tún kabúrétọ̀ ṣe lọ́nà Takíé, èyí tó máa ń dẹ etí sí ẹ́ńjìnnì bíi pé ó ń gbọ́ ẹjọ́, ó ti padà sóko, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ sì ti di ọlọ́kadà. Ẹ́ńjìnnì tí mo ń wá ni èyí tó jẹ́ pé kò sí gáréèjì kan láti ibí dé Ṣakí tí wọn ò ti ní mọ̀ ọ́n. Kí ni ìyẹn bí ò bá ṣe ti Hiace, bọ́ọ̀sì Toyota?

Ní Àràrọ̀mí, ní Gate Ìbàdàn, la ti rà á. 2RZ-E, tòkunbọ̀, 2438cc, èyí tó ń fi nọ́súlù fọ́n epo. Ti Pijó tá a yọ, 1971cc ni. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ kó tóbi tó bẹ́ẹ̀, torí o mọ bí owó epo ṣe rí láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́, àmọ́ ohun tá a bá lọ́jà tó dáa nìyẹn. Mẹkáníìkì mi ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó wò ó bóyá ẹrẹ̀ dúdú wà níbẹ̀, ó fọwọ́ yí i, ó ní òun gbà. Risíìtì ni mo tẹnu mọ́, torí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì tuntun ò ní bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu mọ́, bí VIO bá dá ẹ dúró lọ́nà tó ò ní ìwé tó fi hàn pé o pààrọ̀ ẹ̀, olè lò ń jẹ́ lójú wọn.

Àkànní, ìgbà tá a gbé e délé niṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ́ńjìnnì ló kéré jù nínú gbogbo ẹ̀, máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi ẹ́. O rántí pé ẹ́ńjìnnì Pijó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni, kì í dúró ṣánṣán, ìyẹn ni bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe lè rẹlẹ̀. Ti Toyota dúró. Bá a ṣe gbé e wọlé báyìí, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò pa dé, abẹ́ ẹ̀ sì ti gbé lé irin ìdábùú níbi tí sítíárìn wà. Àfi ká gé sọ́ǹpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wẹ́dà gé e, ó jó o padà kó lè fàyè sílẹ̀ fún irin yẹn, ó bu omi sí i títí a fi rí i pé kò jò.

Ibi tí ọ̀gá mẹkáníìkì yìí ti wọ̀ mí lójú nìyí. Bó o bá ti gé sọ́ǹpù, páìpù tó ń fa ọ́ìlì sókè gbọ́dọ̀ kúrú pẹ̀lú, bí asẹ́ ẹnu ẹ̀ bá sì fara lé ilẹ̀ sọ́ǹpù, ọ́ìlì ò ní ráyè wọlé, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá tún ga jù, bó o bá ti ń gun òkè, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Ṣó o mọ ohun tí ọ̀gá yìí ṣe? Ó rán ọmọ kan kó lọ bu amọ̀ wá lẹ́yìn wọ́ṣọ́ọ̀bù, ó pò ó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu asẹ́ yẹn, ó gbé sọ́ǹpù lé e, ó dè é pa, ó tún tú u. Ó wá fi rúlà wọn bí amọ̀ tó tẹ́ sílẹ̀ yẹn ṣe nípọn tó. Ó ní àyè yẹn kéré, ó gé díẹ̀ sí i, ó tún lẹ amọ̀ mìíràn.

Gíá bọ́ọ̀sì Pijó la ò yọ, mo mọ̀ pé ìyẹn á tù ẹ́ nínú. Ṣáfúùtì 504, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, wà nínú páìpù ńlá kan tó so gíá bọ́ọ̀sì mọ́ dífúrẹ́ńṣà, bó o bá ní o fẹ́ lo gíá bọ́ọ̀sì Toyota, o máa fọ́ gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni. Nítorí náà a lọ sí Ìlọrin, wọ́n gé irin nínípọn kan tó máa wà láàárín ẹ́ńjìnnì Toyota àti gíá bọ́ọ̀sì Pijó láti so wọ́n pọ̀, wọ́n yí bẹ́ríìnì kékeré ìdí kíráńkì kí ṣáfúùtì gíá Pijó lè jókòó sínú ẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Awọ Toyota ni, àárín ẹ̀ ti Pijó, wọ́n rífẹ́ẹ̀tì wọn pọ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tó ń ka máìlì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo kàn gbọ́dọ̀ máa rọra tẹ ẹ́ ní gíá kìíní ni, torí wọn ò ṣe eyín gíá yẹn fún agbára yìí.

Epo náà gba wàhálà. Kabúrétọ̀ ò nílò agbára, epo kàn ń rọra ṣàn sí i ni, àmọ́ nọ́súlù fẹ́ epo tó ń tì í gírígírí, a ní láti so pọ́ǹpù oníná mọ́ ọn, ká tún fa páìpù kejì tó máa dá àṣẹ́kù epo padà sínú táǹkì. Ọ̀rọ̀ wáyà mi ò ní sọ púpọ̀. Réwáyà to bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, àti gbogbo wáyà ẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó ń já èyí tí a ò nílò kúrò níkọ̀ọ̀kan, ó tún ń so ìyókù, orin ló ń kọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti gbé e dé Ìlọrin, mo sì ti gbà á lọ sí Ọ̀yọ́, ibi tí tírélà ti máa ń dá wa dúró yẹn. Ó ń lọ, ọ̀rẹ́ mi. Bó o bá jókòó sẹ́yìn, Pijó náà ni, ó ń rọra fò kọjá kòtò bíi ti tẹ́lẹ̀, àga yẹn ò yí padà. Iwájú nìkan ni ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Mi ò ní bá ẹ jiyàn pé kì í ṣe ohùn tá a mọ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Fáànù ti Pijó ò gbàyè mọ́ láàárín ẹ́ńjìnnì àti radiétọ̀, fáànù oníná la fi sí i, swíìṣì ẹ̀ sì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ la fi ń tàn án. Ìyá Bọ́lá máa ń gbàgbé ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ máa pariwo. Nígbà tó o bá ń bọ̀ wálé, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù lọ́dọ̀ yín, bá mi yọ swíìṣì tó máa ń tan fáànù fúnra ẹ̀ bí omi bá ti gbóná, èyí tó ń wà lára radiétọ̀, àti rílée ẹ̀. Kò wúwo. Fi àpótí bàtà gbé e.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Àjàní
Ògbómọ̀ṣọ́